Ta Ló Kọ́ Ọmọ Yín Ní Agbára Wíwá?

Ẹ̀yin àgbààgbà ìjọ, ẹ̀yin bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn tí ohùn yín ń la ilé já lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jókòó, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Mo ti gbọ́ ẹkún yín títí ó fi sú mi. Níbi ìpàdé ìgbìmọ̀, níbi ìsọjí, níbi tí ẹ ti ń jẹ ìrẹsì ìnáwó òkú pàápàá, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu yín: àwọn ọmọ wa ti ń sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní ọ̀kan to òkúta kírísítálì sójú fèrèsé kí òṣùpá lè tàn sí i. Ọ̀kan ń fowó ránṣẹ́ sí obìnrin tí kò rí rí, kó lè máa fi káàdì wo ọ̀la fún un lórí fóònù. Ọ̀kan kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́, “Universe” ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan rí 11:11 lójú aago, ó ní áńgẹ́lì ń kí òun. Èyí tó wá ká yín lára jù ni ọmọ díákónì tó so ìdè Ifá mọ́wọ́, tó wọ aṣọ funfun, tó bá wọn ṣọdún Ìṣẹ̀ṣe lọ́jọ́ 20 oṣù kẹjọ, tó sì gbé fọ́tò rẹ̀ síta kí gbogbo ìjọ lè rí i.

Ẹ ní ayé ti bàjẹ́. Ẹ ní fóònù ló kó bá wọn, ẹ ní ẹgbẹ́ burúkú ni. Irọ́ lẹ ń pa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn.

Ẹ má fajú ro sí mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó. Ọmọ tó jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lónìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì yín la bí i sí. Kí ló gbọ́ láti ìgbà tó ti gbọ́n? Agbára ló gbọ́. Agbára tí í ṣílẹ̀kùn fíìsà, agbára tí í sọ ọ̀tá di àwátì, agbára owó òjijì, agbára tí í mú ọ̀gá wolẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Gbogbo bébà ìpolówó ìsọjí tí ẹ lẹ̀ mọ́ òpó iná láti Ìwó Road títí dé Òjòó, ẹ wá èyí tó sọ̀rọ̀ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi hàn mí. Àgbélébùú wà lórí òrùlé, kò sí nínú ìwàásù. Ẹ sọ fún ọmọ pé ohun tí à ń bá lọ sílé Ọlọ́run ni ohun tí ọwọ́ yóò tẹ̀ kọ́dún tó parí. Bọ́wọ́ ò bá wá tẹ̀ ẹ́, ẹ ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré, tàbí kí irúgbìn owó rẹ̀ máà tíì tó. Ọmọ gbin owó, ó gbààwẹ̀, ó ṣọ́ òru, kò ríṣẹ́. Ó wá gbọ́ pé agbára wà níbòmíràn, àti pé owó tibẹ̀ ò wọ́n tó tiyín. Ó lọ. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ ọ náà ló ń lò, ìsọ̀ ló kàn pààrọ̀.

Ìyá ìjọ kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ọmọ tó ti jáde ní yunifásítì. Ìyá ti ń sunkún kó tó jókòó.

“Bàbá, ẹ gbà mí o. Ọmọ yìí ti ń bọ òkúta.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ. Ó ní: “Bàbá, mi ò bọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi màámi léèrè ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn.”

“Òróró ìyàsímímọ́ ni,” ni ìyá fèsì.

“Inú báàgì wọn ńkọ́?”

Áńkáṣíìfù ni, wòlíì ló gbàdúrà sí i. Inú fíríìjì ńkọ́? Omi ni, wọ́n ní láti odò Jọ́dánì ló ti wá. Ara ilẹ̀kùn ńkọ́? Sítíkà tí ojú olùdásílẹ̀ ìjọ wà lára rẹ̀ ni, kí olè àti àjẹ́ má baà wọlé. Inú mọ́tò? Iyanrìn díẹ̀ ni, nínú ọ̀rá, tí ẹnì kan tó lọ sí Jerúsálẹ́mù bù bọ̀. Ọmọ náà wò mí, ó ní: “Bàbá, òkúta tèmi kò ju ẹyọ kan lọ, mo sì mọ iye tí mo rà á. Ẹ bá mi bi wọ́n ní iye tí wọ́n ti ná lórí tiwọn.”

Mo bá ọmọ náà wí o, torí a kì í tú ìyá ẹni síta báyẹn. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ pé ó parọ́ nínú rẹ̀? Mo kọjú sí ìyá, mo bi í ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgò tirẹ̀ àti òkúta ọmọ. Ó ní orúkọ Jésù wà nínú tòun. Mo ní bí orúkọ Jésù bá ti di ohun tí a ń rọ sínú ìgò, tí a ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ońdè ni, kò sí orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Inú bí i, ó dìde. Kò tíì padà wá kí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo mọ ibi tí ẹ máa sá sí. Ẹ ó ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, ẹ ó ní ṣebí wọ́n mú ìnujú àti aṣọ iṣẹ́ láti ara Pọ́ọ̀lù lọ bá àwọn aláìsàn, tí ara wọn sì yá. Ó dáa. Ta ni Pọ́ọ̀lù tà á fún? Èló ló gbà? Àwọn ẹsẹ tó tẹ̀lé e gan-an ló sọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin méje ti Síkéfà, àwọn tó rò pé orúkọ Jésù jẹ́ ọfọ̀ tẹ́nikẹ́ni lè pè, tí ẹni tí ẹ̀mí burúkú wà nínú rẹ̀ wá lù wọ́n bolẹ̀ títí wọ́n fi fọgbẹ́ sára sá jáde níhòòhò. Ẹ tún kà á síwájú. Àwọn ará Éfésù tó ń pidán, tó ń ṣoògùn, kó ìwé wọn jáde, wọ́n dáná sun ún ní gbangba. Wọ́n ṣírò owó rẹ̀, ó jẹ́ 50,000 owó fàdákà. Wọn ò tà á kí wọ́n fowó rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sun ún. Inú orí kan ṣoṣo ni gbogbo èyí wà, síbẹ̀ ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ áńkáṣíìfù nìkan lẹ há sórí. Orin Dáfídì náà, ẹ ò dá a sí. Sáàmù 109 ti di ohun tí wọ́n ń kà lóru pẹ̀lú àbẹ́là àti ìhòòhò. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, tó ń ké sí Ọlọ́run rẹ̀, ẹ sọ igbe rẹ̀ di èpè tí ẹ ń ṣẹ́ lé obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń gbé ojúlé kan náà.

Ẹ má sọ pé mo kórìíra omi àdúrà. Mo mọ ìtàn. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour’s ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ sídìí àdúrà, Joseph Shadare sì jẹ́ àgbà láàárín wọn. Olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan, Sophia Odunlami, ní kí wọ́n lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Omi òjò! Ta ló fẹ́ dí ẹnu rẹ̀, ta ló fẹ́ fi owó lé e? Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti dìde, kí àwọn Aládùúrà yòókù tó tàn ká ilẹ̀ wa. Ní oṣù keje 1930, Joseph Ayo Babalola, ẹni tó ti ń wa kátakátá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, dúró ní Òkè-Oyè ní Iléṣà, èrò sì ya bò ó. Wọ́n kó oògùn wá, wọ́n kó ońdè wá, wọ́n kó ère wá, wọ́n dáná sun ún. Ó gbàdúrà sómi, àwọn èèyàn bu ú lọ sílé. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó dá iye lé e. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà. Nígbà náà, oògùn ni wọ́n ń gbé wá sí ìsọjí, ọwọ́ òfo ni wọ́n ń gbé padà. Lónìí, ọwọ́ òfo ni wọ́n ń gbé wá sí tiyín, oògùn ni wọ́n ń dì lọ sílé.

Ká tiẹ̀ wá ní ọwọ́ Ọlọ́run gan-an ni nǹkan náà ti wá. Ejò idẹ tí Mósè rọ láginjù, Ọlọ́run ló ní kó rọ ọ́, ó sì wo àwọn tí ejò bù jẹ sàn. Nígbà tó pẹ́, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń sun tùràrí sí i. Hesekáyà ọba fọ́ ọ túútúú. Kò ní ohun ìrántí ni, kò ní owó tó ń mú wọlé pọ̀. Nínú ìgbìmọ̀ ìjọ yín, ta ló láyà bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ èyí tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́. Àwọn àgbà tó ń sunkún pé ọmọ lọ síbòmíràn, mélòó nínú wọn ni kò ní ibòmíràn tirẹ̀? Lọ́dún 1914, Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì T. A. J. Ogunbiyi ti ìjọ Áńgílíkà, tó padà di áṣídíákónì, dá ẹgbẹ́ Ògbóni sílẹ̀ fún àwọn Kristẹni, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Reformed Ogboni Fraternity. Ó ní ìdí tirẹ̀. Ó fẹ́ kí Kristẹni ọmọ Yorùbá ní ẹgbẹ́ tó bá ìbílẹ̀ mu láìbọ òrìṣà. Mi ò bá òkú jà. Àwọn alààyè ni mo ń bá wí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ bàbá tó kó ẹ̀wù ẹgbẹ́ sínú àpótí ṣì ń dìde lárààárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi láti ka ẹ̀kọ́ kejì. Nígbà tó bá kú, ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò tó mọ̀, bí ẹgbẹ́ àti àlùfáà bá ń fa òkú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó rí ìyẹn, ẹ tún fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ pé ọlọ́run méjì kò dáa?

Fóònù kọ́ ló mú wíwá agbára níbòmíràn wá. Kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín, àwọn akọ̀wé ìjọba àti tíṣà ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ti ń kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ De Laurence ní Chicago, wọ́n ń ra òrùka àti ìwé awo láti Amẹ́ríkà. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Mósè Kẹfà àti Keje wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ wòlíì, òun àti Bíbélì ló jọ ń sùn. Rosicrucian dé, Eckankar dé, Grail dé, gbogbo wọn ti wọ Èkó kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ íntánẹ́ẹ̀tì létí. Gbogbo ohun tí fóònù ṣe ni pé ó mú owó sítáǹpù kúrò lọ́rùn ẹni tó ń wá a.

Ẹ̀yin olówó náà, mo rí yín. Ẹ ní wòlíì ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ń san owó oṣù fún un, ẹ ń rà á ní mọ́tò, òun ni yóò sọ ọjọ́ tí ẹ máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àti àwọ̀ aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ. Ẹ lọ ka Ìwé Onídàájọ́ orí 17. Míkà ará Éfúráímù gba ọmọ Léfì kan síṣẹ́ ní owó fàdákà mẹ́wàá lọ́dún, pẹ̀lú aṣọ àti oúnjẹ, ó sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti ní àlùfáà tòun, ire ti dé. Ẹ wo orí tó tẹ̀lé e. Àwọn ará Dánì dé, wọ́n fi ipò tó ju tibẹ̀ lọ lọ̀ ọ́, inú àlùfáà dùn, ó palẹ̀ ère mọ́, ó bá wọn lọ. Míkà sá tẹ̀lé wọn, ó ń ké, wọ́n ní kó panu mọ́ kí wọ́n má baà ṣe é léṣe. Wòlíì tí ẹ fowó rà, ẹni tówó rẹ̀ ju tiyín lọ yóò rà á.

Mo fẹ́ tẹsẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn kan, torí ó ń dun mí ju ti epo àti omi lọ. Ó kéré tán, epo kì í sunkún. Màmá àgbà ń sunkún. Ọmọ ń ṣàìsàn, tàbí kò ríṣẹ́, tàbí kò rọ́kọ fẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, pásítọ̀ di ojú, ó ní ẹnì kan wà nílé bàbá, arúgbó ni, ó dúdú, ó máa ń fún ọmọ ní nǹkan jẹ. Arúgbó wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kì í fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní nǹkan jẹ? Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gba ẹ̀bà lọ́wọ́ ìyá yín mọ́. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kó má baà pè wọ́n. Ìyá tó fi ilá àti èso títà rán yín lọ sílé ìwé wá ń kú lọ́wọ́ ìdánìkanwà ní abúlé, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé àdúrà “kú, kú, kú” tí ẹ ń gbà lóru. Ọmọ náà ń gbọ́. Ó mọ ìyá àgbà rẹ̀. Ó mọ ọwọ́ tó ń pa á lórí. Nígbà tí ẹ fipá mú un yàn láàárín ìjọ yín àti ìyá àgbà rẹ̀, ẹ ń retí kó yan yín?

Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1846. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, òun ti di àlùfáà, ìyá kò tíì mọ Kristi. Kò bi wòlíì kankan bóyá ìyá rẹ̀ ló ta òun sóko ẹrú. Kò ní kí wọ́n dán an wò bóyá àjẹ́ ni. Ó gbà á sílé, ó tọ́jú rẹ̀, ó kọ́ ọ, ní 1848 ni Àfàlá, ìyá rẹ̀, ṣe ìrìbọmi, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú náà. Àwọn tó mú ìgbàgbọ́ wá fún wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyá nìyẹn. Ibo lẹ ti rí tiyín?

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó kàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìṣẹ̀ṣe lẹ padà sí, mi ò ní bú ohun tí àwọn baba mi ṣe. Emmanuel Moses Lijadu, Kristẹni tó ń wàásù ìyìn rere ní Oǹdó, jókòó ti àwọn babaláwo, ó gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu wọn, ó sì tẹ ìwé jáde lórí Ifá lọ́dún 1898. Kò gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ wọn yé kó tó dá wọn lóhùn. Ìyẹn ni àwọn pásítọ̀ yín kò lè ṣe. Igbe “ẹ̀mí èṣù” ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin wá ńkọ́? Odù Ifá jẹ́ 256. Ọmọ awo a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́sẹ̀ ọ̀gá, á pọn omi, á gbálẹ̀, á há a sórí, á pa èèwọ̀ mọ́, wọ́n á bá a wí bí ìwà rẹ̀ kò bá tọ́. Ẹsẹ Ifá mélòó lẹ mọ̀? Èèwọ̀ wo lẹ ń pa mọ́? Ìdè lẹ rà, fọ́tò lẹ yà. Ẹ máa ń ní àwọn ará Brazil àti Kúbà ń wá sí Òṣogbo nítorí Ọ̀ṣun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá àwọn yẹn gbé òrìṣà wọn pamọ́ lábẹ́ pàṣán, nínú oko ìrèké, níbi tí wọ́n ti lè nà wọ́n pa nítorí rẹ̀. Kí ni tiyín ná yín? Bó bá jẹ́ ẹ̀rí ọkàn ló gbé yín débẹ̀, ẹ wọ inú rẹ̀ dé ọrùn, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì jẹ́ kó bá ìwà yín wí. À á jọ máa jiyàn bí ọmọlúàbí. Bó bá jẹ́ àwúre olówó kíákíá lẹ ń wá, ọ̀nà pásítọ̀ tí ẹ sá fún náà lẹ ṣì ń tọ̀.

Ẹ̀yin oní-“Universe”, ẹ ní ẹ sá fún ìdámẹ́wàá. Èló lẹ ń san fún ẹni tó ń wo káàdì? Èló ni kíláàsì orí fóònù tí wọ́n ti ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe fa owó mọ́ra? Pásítọ̀ ní ẹ gbin owó kí owó lè hù. Àwọn ní ẹ ronú owó kí owó lè wá. Nínú àwọn méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lówó, ẹ̀yin kọ́. Ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í bá yín wí. Kò ní kí ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ṣẹ̀, kò ní kí ẹ dá owó olówó padà, kò ní kí ẹ fi ọkọ ọlọ́kọ sílẹ̀. Ohun gbogbo tó bá ti wù yín ló ní ó tọ́ sí yín. Ọlọ́run tí kì í ta ko ènìyàn láé, ara ẹni lẹni ń bọ.

Bàbá ọmọ kan kú ní àdúgbò wa, ọmọ tó ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tipẹ́. Àwọn tó bá a gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì lóru ni ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ tí kò lọ mọ́. Àwọn obìnrin ìjọ ló dáná fún àlejò. Mi ò sọ èyí láti fi bú ọmọ náà. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Ohun tí ìjọ ní nìyẹn tí òkúta ojú fèrèsé kò ní: ènìyàn. Ẹni tó mọ orúkọ rẹ, tó mọ̀ pé o kò wá, tó máa kanlẹ̀kùn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì yọ̀. Ṣé ẹ ṣì ní i? Ọmọ kọ̀ láti wá fún oṣù mẹ́ta, ta ló lọ bẹ̀ ẹ́ wò nínú yín? Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ owó ilé àlùfáà tí ẹ bù fún un, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ó pè é, ẹ ó kọ̀wé sí i, ẹ ó tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara pátákó. Ó béèrè nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi pé kí ló dé tí Ọlọ́run fi jẹ́ kí ọmọ jòjòló kú, ẹ ní kó má ṣe bá Ọlọ́run jiyàn. Ìbéèrè Jóòbù ló béèrè! Odindi ìwé kan wà nínú Bíbélì tó dá lórí rẹ̀, ẹ ò ṣí i fún un. Nígbà tiwa, kí bíṣọ́ọ̀bù tó gbé ọwọ́ lé wa lórí, a ní láti mọ Kátíkísímù dénú. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé pàṣán ni wọ́n fi ń kọ́ wa (èmi kò sì yin pàṣán), ó kéré tán, a mọ ohun tí a gbà gbọ́. Ẹ ti fi ìtúsílẹ̀ àti àsọtẹ́lẹ̀ rọ́pò ẹ̀kọ́. Ọmọ ogún ọdún nínú ìjọ yín lè ka orúkọ ẹ̀mí òkun méje láti orí, kò lè sọ fún yín ohun tí Ìwé Róòmù dá lé. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ohun tó jọ ọgbọ́n fún un lójú ọ̀nà ni yóò gbé e lọ.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ fi òkúta ọmọ sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Tábìlì tí ẹ ti ń ta epo àti omi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé e kúrò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, ẹ gbàdúrà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì bá a lọ sọ́sípítù. Àgbà tó ní ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀, kó yan ọ̀kan. Pásítọ̀ tó bá pe ìyá oníyàá ní àjẹ́, kó kúrò lórí pẹpẹ kó tó ṣe ìwàásù mìíràn. Ìwé owó ìjọ, ẹ kà á sí etí gbogbo ìjọ, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń rí mọ́tò tuntun tí ẹ kò ṣàlàyé. Wákàtí kan tí ẹ fi ń lé ẹ̀mí òkun ní ọjọ́rú, ẹ fi kọ́ wọn ní Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ tí ẹ fẹ́ràn àti èyí tí ẹ kò fẹ́ràn.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ yín bá tún jókòó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀. Ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ náà, onírúurú wọn, oní-kírísítálì àti onídè Ifá, ẹ fún wọn ní àga, ẹ fún wọn ní omi tútù, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi lọ. Kí ẹ̀yin sì panu mọ́ títí wọn yóò fi sọ ọ́ tán.